Orí Alààyè, Àpò Òkú: Lámèyítọ́ lórí Òdodo nínú Bíbu Owó lé Ohun-ìní àti Ogún, pẹ̀lú Àfiyèsí sí Òkè-Òpin

Ìfáárà

Nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ ìṣèjọba ní èdè Yorùbá, bóyá ni òmíràn wà tí ó tú àṣírí ara rẹ̀ tó owó-orí. Orúkọ náà kò mẹ́nu ba oko, kò mẹ́nu ba ilé, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ nǹkan kan nípa ọrọ̀. Orí ni ó dárúkọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní orí lọ́rùn ni yóò san án, yálà ó ní fìlà tí yóò dé e tàbí kò ní. Ogún kò rí bẹ́ẹ̀. Ogún ni ohun tí ó kù sílẹ̀ nígbà tí orí tí ó kó o jọ bá ti lọ. Bí ọ̀rọ̀ méjèèjì bá kojú ara wọn, ìbéèrè kan yóò yọ jáde: ǹjẹ́ òdodo ni pé kí ìlú máa gba owó lọ́wọ́ alààyè tí ó ń fi ọkọ́ àti àdá wá oúnjẹ òòjọ́, kí ọrọ̀ tí òkú fi sílẹ̀ sì máa rékọjá sí ọwọ́ ẹlòmíràn láìsan kọ́bọ̀?

Ìdáhùn méjì ni ó wọ́pọ̀. Àwọn kan ní kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí ó jogún ilé mẹ́wàá kò fi òógùn ara rẹ̀ kọ́ ọ̀kankan nínú wọn, nítorí náà òun ni ó yẹ kí ìjọba kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ogún kì í ṣe ti ẹnìkan; ti ẹbí ni, ìjọba kò sì bá ẹbí sin òkú. Èrò tí lámèyítọ́ yìí fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé ohun kan náà ni ìdáhùn méjèèjì gbàgbé. Wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tí wọn yóò gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò sì bèèrè ẹni tí yóò jogún ohun tí wọ́n bá gbà. Níwọ̀n ìgbà tí ìbéèrè kejì yìí kò bá rí ìdáhùn, owó tí ìjọba bù lé ogún kò lè jẹ́ òdodo, bí ó ti wù kí ìṣirò rẹ̀ péye tó.

Òkè-Òpin, tí ó wà ní ilẹ̀ Òpin ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Èkìtì, Ìpínlẹ̀ Kwara, ni ibùdó àgbéyẹ̀wò yìí. Ìdí méjì ni ó fà á. Èkíní ni pé ní agbègbè náà, láti Òsì dé Ìlọ́fà ní Òkè-Ẹ̀rọ̀, àṣà ogún Yorùbá, owó-orí tí ìjọba Àríwá gbé kalẹ̀, àti sàká tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù pa láṣẹ ti pàdé ara wọn. Èkejì ni pé ààlà àtijọ́ tí ó pín Ẹkùn Àríwá níyà sí Ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn kò jìnnà síbẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lápá ìhín àti lápá ọ̀hún ààlà náà yóò wúlò fún ìdájọ́ tí iṣẹ́ yìí fẹ́ ṣe.

Orí ni wọ́n ń kà

Ní oṣù kejì ọdún 1897 ni ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba àkóso Àríwá ní 1900, àwọn ìlú Yorùbá tí ó ti wà lábẹ́ Ìlọrin ni wọ́n kà mọ́ Àríwá pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìwé fi ń pe Òsì ní Òsì-Ìlọrin.

Òfin owó-orí tí wọ́n ṣe fún Àríwá ní 1906 kò sọ lójúkorojú pé kí wọ́n máa ka orí. Lórí ìwé, ọrọ̀ abúlé ni wọ́n ń wọ̀n. Òyìnbó aṣojú ìjọba yóò díye lé ohun tí abúlé kan ń rí lọ́dún, yóò dá iye kan lé wọn lórí, baálẹ̀ yóò sì pín iye náà fún àwọn ọkùnrin tí ó ti dàgbà. Ibi pípín yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń yí padà. Ó ṣòro fún baálẹ̀ láti ka iye ebè tí olúkúlùkù kọ tàbí iye igi obì tí ó ní. Orí ni ó rọrùn láti kà. Ohun tí ó jáde láti ọ́fíìsì gẹ́gẹ́ bí owó ọrọ̀ lè di owó-orí kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń lò fún un bá ohun tí ojú wọn rí mu.

Ìtàn ilẹ̀ Yorùbá fi hàn pé ìkà-orí yìí ni ó ń bí ìjà. Ní Abẹ́òkúta, ọdún 1918 ni irú owó-orí bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọdún náà kò parí kí Ogun Àdùbí tó bẹ́. Láti 1947 dé 1949, àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣaájú wọn, dìde lòdì sí owó-orí obìnrin títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí ìtẹ́ fún ìgbà kan. Ohun tí wọn kì í sábà fi kún ìtàn àwọn obìnrin yìí ni ọ̀rọ̀ ogún. Lábẹ́ àṣà Yorùbá, obìnrin a máa jogún baba àti ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó kì í jogún ọkọ. Àwọn ọmọ ni wọ́n ń jogún. Nítorí náà, orí opó tó láti san owó fún ìjọba, ṣùgbọ́n kò tó láti gba ìpín nínú ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ fi òógùn kọ́. Ẹni tí ìjọba kà mọ́ àwọn tí ń san ni àṣà yọ kúrò lára àwọn tí ń gbà.

Ìjà àwọn Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 àti 1969 ni ó gbajúmọ̀ jù. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà ni àwọn àgbẹ̀ náà ní àwọn yóò san. Nínú ìṣirò ìgbà owó ẹyọ, ọ̀kẹ́ kan dọ́gba pẹ̀lú ṣílè márùn-ún. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà sì jẹ́ ọgbọ̀n ṣílè. Lẹ́yìn ìwádìí ìgbìmọ̀ Adájọ́ Ayọ̀ọlá àti ìlàjà tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ ṣe, ìjọba dín iye náà kù sí pọ́n-ùn méjì. Wọ́n kà á sí ìṣẹ́gun, ìṣẹ́gun náà ni. Síbẹ̀, ó yẹ kí lámèyítọ́ sọ ibi tí ìṣẹ́gun náà dé. Iye ni ó dínkù, ìlànà kò yí padà. Àgbẹ̀ tí ó ní eékà kòkó kan àti àgbẹ̀ tí ó jogún ogójì eékà lè wà lábẹ́ iye kan náà. Ìdọ́gba nìyẹn, kì í ṣe òdodo. Àwọn àgbà ti ní ìka kò dọ́gba. Ẹni tí ó bá wọ ìka márààrún ní òrùka kan náà yóò fún òmíràn pa, òmíràn yóò sì yọ bọ́ sílẹ̀.

Ogún nínú àṣà

Àwọn tí ó ń gbèjà ogún lọ́wọ́ ìjọba sábà máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ogún kì í dínkù títí ìjọba yóò fi dé. Àṣà fúnra rẹ̀ kò tì wọ́n lẹ́yìn. Ọ̀nà mẹ́ta ni àṣà fi ń bu ogún kù.

Ọ̀nà kìíní ni pípín. Ìdí-igi ni ọ̀nà àtijọ́: iye ìyàwó tí ó bímọ ni wọn yóò fi pín ogún, àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan yóò sì pín ti wọn láàrin ara wọn. Orí-ò-jorí ni ọ̀nà kejì, nínú èyí tí ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò gba ìpín tirẹ̀ láìka ìyá sí. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó tí ó sì parí sí ilé-ẹjọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, dá lórí ogún ọkùnrin kan tí ó ní ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án. Adájọ́ tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà fi ara mọ́ orí-ò-jorí gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí ó bá ìgbà mu. Àwọn ilé-ẹjọ́ gíga yí ìdájọ́ náà padà. Wọ́n ní ìdí-igi ṣì ni àṣà, kò sì tako òdodo. Ohun tí ó ṣe kókó nínú ẹjọ́ náà fún iṣẹ́ yìí ni pé lójú àṣà, ẹni tí ó gba ìpín ni wọ́n ń wò. Òkú kò ní ìpín mọ́.

Ọ̀nà kejì ni àìpín. Ilé ẹbí kì í ṣe ohun tí ẹnìkan lè dá tà. Láti ìgbà ẹjọ́ Lewis àti Bankole ní 1908 ni ilé-ẹjọ́ ìjọba ti gbà pé ilé ẹbí wà lábẹ́ àbójútó olórí ẹbí, àti pé ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ nínú rẹ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́ ìgbé ju ẹ̀tọ́ ìtà lọ. Òwe tí ó sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà fi èyí hàn. Ìtà ni òwe náà kà sí àṣìṣe, kì í ṣe ìjogún. Ewì J. F. Ọdúnjọ lórí iṣẹ́, tí àìmọye ọmọ ilé-ìwé kọ́ sórí nínú ìwé Aláwìíyé, gba ọ̀nà mìíràn dé ibi kan náà: ó kìlọ̀ fún ọmọ pé kí ó má ṣe gbójú lé ọrọ̀ òbí. Òwe àti ewì jọ gbà pé ọrọ̀ tí ènìyàn kò ṣiṣẹ́ fún léwu. Ṣùgbọ́n ìwà ọmọ nìkan ni wọ́n bá wí. Wọn kò bi ìlú léèrè ohun tí yóò ṣe fún ọmọ tí òbí rẹ̀ kò ní ọrọ̀ kankan tí ó lè gbójú lé.

Ọ̀nà kẹta ni ìnáwó òkú. Pósí, aṣọ ẹbí, ẹran, onílù àti àlejò ogójì ọjọ́ jẹ́ owó tí ìlú ń gbà lórí ogún, bí kò tilẹ̀ sí òfin tí ó pa á láṣẹ. Ìtìjú ni agbowó rẹ̀. Èyí sì ni agbowó tí kì í fi ojú àánú wo òtòṣì. Ọlọ́rọ̀ yóò ná ìdá kékeré nínú ohun tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀, yóò sì gba ìyìn. Tálákà lè fi oko dógò kí wọ́n má baà sọ pé ó sin baba rẹ̀ bí ẹni sin ewúrẹ́. Nítorí náà, àwọn tí ó ní ogún kò yẹ ní ohun tí wọn yóò máa bu owó lé ti gbàgbé pé àṣà ti ń bu owó lé e, ọwọ́ òtòṣì ni ó sì ti ń gbà jù.

Sàká yàtọ̀ sí gbogbo ìwọ̀nyí. Ìdá kan nínú ogójì, ìyẹn 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ni Mùsùlùmí yóò yọ lọ́dọọdún nínú owó tí ó bá ju ìwọ̀n kan lọ tí ó sì pé ọdún kan lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú irè oko, ìdá kan nínú mẹ́wàá ni wọn yóò yọ bí òjò bá ni ó mú un hù. Bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn ni ó fi làálàá pọn omi sí i, ó di ìdá kan nínú ogún. Ìlànà yìí mọ ìyàtọ̀ láàrin ohun tí ó bọ́ sí ọwọ́ ẹni àti ohun tí ènìyàn fi òógùn wá. Ó sì ṣe ohun kan tí òfin ìjọba kì í sábà ṣe: Kùránì, nínú Súrà kẹsàn-án, ka irú ènìyàn mẹ́jọ tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà á. Ẹni tí ń san án mọ ẹni tí ó ń san án fún. Kò dìgbà tí ènìyàn bá gba ẹ̀sìn náà kí ó tó rí ọgbọ́n inú ìlànà yìí.

Òfin ọdún 1979

Ní 1979 ni ìjọba ológun ilẹ̀ Nàìjíríà ṣe òfin tí ó bu owó lé ohun-ìní tí ó bá ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, yálà nípa ẹ̀bùn tàbí nípa ikú. Òfin náà jọ èyí tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1975. Ohun-ìní tí kò bá ju ₦100,000 lọ kò ní san nǹkan kan. Èyí tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò san iye tí ó ń gòkè láti ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún dé ọgọ́ta. Nínú ìtàn owó-orí ilẹ̀ yìí, ohun ńlá ni. Fún ìgbà àkọ́kọ́, òfin fún gbogbo orílẹ̀-èdè yí ojú kúrò lára orí alààyè, ó sì wo inú àpò òkú. Ní 1996 ni wọ́n pa á rẹ́. Láti ìgbà náà, kò sí owó-orí ogún ní Nàìjíríà mọ́. Òfin owó-orí tuntun tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2025, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2026, yọ ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí ń wọlé fún ẹnìkan lọ́dún kúrò nínú ohun tí wọn yóò gba owó lé, ó sì gbé ìdá tí ó ga jù sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ṣe àánú fún òtòṣì dé ìwọ̀n kan, ṣùgbọ́n kò dá owó ogún padà.

Kí ni àlèébù òfin 1979? Èkíní, ọwọ́ ẹni tí ó ń fi sílẹ̀ ni ó wò, kò wo ọwọ́ ẹni tí ó ń gbà. Àpẹẹrẹ kan yóò mú èyí yé. Bí ọkùnrin kan tí ó ní ọmọ mẹ́sàn-án bá fi ₦900,000 sílẹ̀, òfin náà yóò rí ₦900,000 kan ṣoṣo, yóò sì ka ₦800,000 sí ohun tí ó yẹ kí ó san owó. Lójú orí-ò-jorí, ọmọ mẹ́sàn-án ni, ₦100,000 ni ó sì kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tí ó di ọlọ́rọ̀ nínú wọn. Lójú ìdí-igi, bí ìyàwó mẹ́rin bá bí ọmọ kan, méjì, méjì àti mẹ́rin, ọmọ kan ṣoṣo ìyá àkọ́kọ́ yóò gba ₦225,000, nígbà tí ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rin ìyá ìkẹyìn yóò gba ₦56,250. Òfin ti mú owó tirẹ̀ kúrò kí wọ́n tó pín in, ìdá kan náà ni ó sì mú lára ẹni tí ó gba púpọ̀ àti lára ẹni tí ó gba díẹ̀. Òfin tí wọ́n kọ fún ilé ọkọ kan aya kan ni wọ́n gbé wá sí agbo ilé.

Èkejì, òfin náà kò ya ilé tí ẹbí ń gbé sọ́tọ̀ kúrò lára ilé tí ẹnìkan ń fi gba owó. Ilé ní Òkè-Òpin tí ọmọ ìlú tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó tàbí Kánò kọ́ fún ìyá rẹ̀ kì í mú owó wọlé. Ibi ìpàdé àti ibi ìsìnkú ni. Bí wọ́n bá díye lé e bí ẹni pé títà ni wọ́n fẹ́ tà á, òfin yóò sọ ẹbí di ọmọ tí a kò kọ́ nípá.

Ẹ̀kẹta, iye tí òfin náà fi ṣe ààlà kò bá ìgbà rìn. Ní 1979, náírà kan níye lórí ju dọ́là kan lọ. Ní 1996, owó tí wọ́n fi ń ra dọ́là kan ti ju ogún náírà lọ. ₦100,000 tí ó jẹ́ ọrọ̀ ńlá nígbà tí wọ́n kọ òfin ti di owó tí oníṣòwò kékeré lè ní. Òfin tí wọ́n ṣe nítorí ọlọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá òtòṣì kiri.

Ẹ̀kẹrin ni ó wúwo jù. Kò sí ibì kankan tí ìyá arúgbó kan ní Òpin ti lè fi ìka tọ́ka sí ohun kan kí ó ní, "Owó ogún ni wọ́n fi ṣe èyí." Inú àpò ńlá ìjọba ni owó náà wọ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n pa òfin náà rẹ́, kò sí ẹni tí ó sunkún, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé òun jẹ́ arólé nínú rẹ̀.

Ìdáhùn sí àwọn tí ó takò ó

Wọ́n máa ń sọ pé òkú ti san owó-orí rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, àti pé láti tún gba owó lórí ogún rẹ̀ dà bí kí wọ́n bó ẹran kan lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ òótọ́. Ilẹ̀ tí ènìyàn rà ní owó pọ́ọ́kú, tí ìjọba wá la ọ̀nà ọ̀dà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a máa di olówó iyebíye láìjẹ́ pé olóhun gbé ọkọ́ sókè. Òfin owó-orí èrè dúkìá ti 1967 yọ̀ǹda èrè irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ bí ó bá jẹ́ ikú ni ó mú un kúrò lọ́wọ́ olóhun. Owó gbogbo ìlú ni ó la ọ̀nà. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó jogún èrè rẹ̀.

Wọ́n tún máa ń sọ pé àgbẹ̀ lè ní ilẹ̀ kí ó má ní owó, àti pé owó ogún yóò lé ọmọ rẹ̀ kúrò lóko. Ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde ní 2024 pé òun yóò dín àǹfààní tí oko ń jẹ nínú owó ogún kù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ ni ó tú jáde sí ìgboro Lọ́ńdọ̀nù nínú oṣù kọkànlá ọdún náà. Bí àgbẹ̀ tí ó ní ẹ̀rọ katakata bá lè figbe ta, kí ni ti ẹni tí ó ń fi ọwọ́ kọ ebè? Ṣùgbọ́n ohun tí àríyànjiyàn yìí fi hàn ni pé ìgbà tí wọ́n bá tà ni ó yẹ kí wọ́n gbà, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá sin òkú. Ilẹ̀ tí ẹbí ń ro kì í sá lọ. Ọjọ́ tí ó bá di owó ni agbowó lè dé.

Ogún tí òfin kò rí

Ogún kan wà ní ilẹ̀ Òpin tí òfin kankan kò lè díye lé. Aréògún ti Òsì, ọ̀kan nínú àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó lókìkí jù ní ilẹ̀ Yorùbá, tí ó kú ní 1954, fi iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ fún Bándélé ọmọ rẹ̀. Nígbà tí àlùfáà Kevin Carroll dá ilé iṣẹ́-ọnà sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì ní nǹkan bí ọdún 1947, Bándélé ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni Làmídì Fákẹ́yẹ ti Ìlá Ọ̀ràngún ti kọ́ṣẹ́. Ogún yìí kò dínkù nígbà tí wọ́n pín in. Ilé tí ọmọ mẹ́sàn-án pín di yàrá kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tí Bándélé pín fún Fákẹ́yẹ kò mú ohunkóhun kúrò lọ́wọ́ Bándélé.

Lóde òní, ìwé kíkà ni irú ogún bẹ́ẹ̀. Ọlọ́rọ̀ tí ó rán ọmọ lọ sí yunifásítì lókè òkun ti fún un ní ogún kí òun tó kú, kò sì sí agbowó tí ó lè béèrè ìdá kankan níbẹ̀. Nítorí náà, owó ogún tí ó bá mọ sí ilé àti ilẹ̀ nìkan yóò máa mú ẹni tí ó kọ́ ilé, yóò sì máa fi ẹni tí ó kọ́ ọmọ sílẹ̀. Kì í ṣe pé ó yẹ kí wọ́n fìyà jẹ ẹni tí ó kọ́ ọmọ. Ohun tí òdodo ń béèrè ni pé kí ọmọ ẹlòmíràn náà rí ogún yìí gbà.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ààlà ti wúlò. Ọ̀tún, tí ó wà nínú Ẹ̀ka Ìlọrin tẹ́lẹ̀, ni wọ́n dá padà sí Èkìtì ní 1936. Òpin kò kúrò lábẹ́ Ìlọrin. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti kọ́kọ́ bu ṣílè mẹ́wàá ààbọ̀ kún owó-orí nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera, ìbínú tí ó tẹ̀lé e sì wà lára ohun tí ó mú kí ẹgbẹ́ Action Group pàdánù ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ti 1954 ní ẹkùn náà. Owó-orí ni ní ti òdodo, orí ni wọ́n sì kà. Síbẹ̀, ọmọ Ọ̀tún wọ ilé-ìwé láìsan owó. Ọmọ Òpin, tí baba òun náà ń san owó-orí fún ìjọba, dúró di oṣù kẹsàn-án ọdún 1976, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ọdún mọ́kànlélógún ni ó wà láàrin ìgbà méjèèjì. Ọmọ tí ó tó ilé-ìwé ní 1955 ti di òbí kí ó tó di 1976.

Àwọn baba méjèèjì ni ó san owó. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé owó tí ọ̀kan san padà di ogún ọmọ rẹ̀, ti èkejì kò sì rí bẹ́ẹ̀. Èyí ni ẹ̀rí tí ó lágbára jù nínú iṣẹ́ yìí. Owó-orí tí ìlànà rẹ̀ kò dára lè bí èso rere bí àwọn arólé rẹ̀ bá hàn. Owó ogún tí ìlànà rẹ̀ dára lè kú láìní olùṣọ̀fọ̀ bí àwọn arólé rẹ̀ kò bá hàn. Ohun tí ó kù ni láti so ìlànà tí ó dára pọ̀ mọ́ arólé tí ó hàn.

Àgbálọgbábọ̀

Lámèyítọ́ yìí ti fi hàn pé owó-orí ń ka orí níbi tí ó ti yẹ kí ó wo ọwọ́. Pé àṣà Yorùbá kò fi ogún sílẹ̀ láìbù, ṣùgbọ́n ó bu ti òtòṣì jù. Àti pé òfin 1979 fi ojú sí ibi tí ó yẹ, ṣùgbọ́n kò mọ agbo ilé, kò sì dárúkọ arólé kankan. Bí òfin owó ogún mìíràn bá máa wà, ohun mẹ́rin ni ó yẹ kí ó wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n bu owó lé ìpín tí ó dé ọwọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan, kì í ṣe lé gbogbo ohun tí òkú fi sílẹ̀ lápapọ̀. Kí wọ́n yọ ilé tí ẹbí ń gbé àti oko tí ẹbí ń ro sílẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n bá tà wọ́n. Kí iye tí ó jẹ́ ààlà máa yí padà bí agbára náírà ti ń yí padà. Ní ìparí, kí òfin náà fúnra rẹ̀ dárúkọ ohun tí wọn yóò fi owó náà ṣe, kí ó sì jẹ́ ohun tí wọ́n lè rí ní abúlé: yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, àga, olùkọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé ìjọba kì í mú irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ṣẹ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlérí tí wọ́n kọ sínú òfin jẹ́ ohun tí ará ìlú lè gbé lọ sí ilé-ẹjọ́. Èyí tí wọn kò kọ kò ní ibi tí ènìyàn yóò ti bèèrè rẹ̀. Ọmọ tí baba rẹ̀ kò fi nǹkan kan sílẹ̀ ní Òkè-Òpin kò lè jókòó síbi tí wọ́n ti ń pín ogún ẹbí ẹlòmíràn. Ilé-ìwé ni ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ti lè pín ogún kí wọ́n sì dárúkọ rẹ̀.